Wọ́n Ní Àìsàn Ráńpẹ́ Ló Pa Wọléwọlé Wa

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Yíwọlá Ọlákìtán kú lórí bẹ́ńṣì onígi kan níbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Wọléwọlé ni ní Ọ́fíìsì Ìmọ́tótó àti Ilé Gbígbé tó ń bójú tó àdúgbò wa, ó sì ti fi ọdún mẹ́tàlélógún wọ ilé káàkiri láti Mile 2 dé Alákijà, láti ẹ̀sítéètì Amúwo-Ọ̀dọ̀fin dé àwọn kílóòsì, àwọn òpópó kéékèèké inú Festac. Àrùn onígbáméjì ló pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ àrùn yẹn sọ́kàn, nítorí kò sí nínú ìwé tí ọ́fíìsì rẹ̀ gbé fún Tolú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé màmá rẹ̀ kú "lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, nígbà tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́." Wọ́n ní kí Tolú fọwọ́ sí i kó tó di Ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá fọwọ́ sí i, wọn ò ní kọ ìwé tí mọ́ṣúárì fi máa gbé òkú fún un.

Àìsàn ráńpẹ́. Ó ti rẹ̀ mí láti máa ka gbólóhùn yìí. Ara ògiri Festac kún fún un, lórí pósítà olókùú tí òjò ti pa. Ẹni tí kòtò ojú títì gbé mì, àìsàn ráńpẹ́ ni. Ẹni tó lọ bímọ tí iná lọ mọ́ dókítà lọ́wọ́, àìsàn ráńpẹ́ ni. Àìsàn tí obìnrin yìí fi odindi ọdún mẹ́fà kọ lẹ́tà nípa rẹ̀, tó fi ìka tọ́ka sí ibi tí yóò ti wá, tó sì sọ oṣù tí yóò dé, òun náà lẹ ń pè ní ráńpẹ́? Èwo ni yóò wá gùn lójú yín?

Ọmọ Festac ni Àǹtí Yíwọlá. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí kèké ilé mú lẹ́yìn àjọ̀dún ńlá ọdún 1977. Ó dàgbà níbi tí omi ẹ̀rọ ti ń yọ dé àjà kẹta, tí páìpù ẹ̀gbin ń gbé ìdọ̀tí gbogbo ilé lọ lábẹ́ ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó sọ fún mi nígbà kan pé, "Bọ̀dá Ọbáfẹ́mi, ẹni tí ò mọ ibí nígbà tó dáa lè gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Èmi mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí n gbádùn." Kì í ṣe áńgẹ́lì o. Ẹnu rẹ̀ mú, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ di ọ̀la. Ó ti bá mi wí rí níwájú àlejò nítorí ike ìdalẹ̀nù tí mi ò dé. Mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, síbẹ̀ èmi náà ń pè é ní Àǹtí. Ta ni yóò máa ka ọjọ́ orí níwájú wọléwọlé tó ti bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ síǹkì rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti wọ́. Bí ó bá wọlé, yóò kí yín, yóò béèrè àwọn ọmọ lórúkọ lórúkọ, yóò wá ní kí ẹ fún òun lómi. Kì í ṣe òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ó ní ife gíláàsì kan nínú báàgì rẹ̀, inú rẹ̀ ni yóò da omi yín sí. Yóò gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, yóò gbọ́ òórùn rẹ̀, yóò gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò máa bá yín sọ̀rọ̀ iléèwé àti ti ìjọ. Lẹ́yìn náà yóò bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa da omi náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ á wà ní ìsàlẹ̀ ife. Ohun tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ ló ń wá. Ó lè jẹ́ iyanrìn, ó lè jẹ́ ìpẹtà, ó lè jẹ́ nǹkan aláwọ̀ ewé tí kò lórúkọ. Bó bá rí nǹkan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ni yóò tó bu omi mìíràn sínú ìgò, kó gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Àlejò tí a fún lómi, tí kò mu ún, tó tún dà á sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá mọ bí ìyẹn ṣe ń rí lára onílé. Ẹ wá fi kún un pé àtúnbí ló pọ̀ jù ní kílóòsì wa, a ń lọ ìsọjí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá ń ta omi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé onílé, ó ní ohun tó ń bọ.

Kì í ṣe omi nìkan ló ń bá kiri. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lágbègbè Alákijà, onílé kan kọ́ yàrá mẹ́fà lé orí páìpù ẹ̀gbin, ó sì gba ayálégbé sí i. Ọ́fíìsì ní kí wọ́n kó àwọn ayálégbé síta lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n wó o. Àǹtí Yíwọlá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n bá onílé wí ná kí wọ́n tó wá bá ẹni tó háyà. Ó bá wọn gba oṣù méjì, òun fúnra rẹ̀ sì ń bá wọn wá yàrá kiri. Beatrice, obìnrin tó ń ránṣọ ní ẹnu kílóòsì wa, wà nínú àwọn ayálégbé náà. Nígbà tó gbọ́ ikú rẹ̀, ó dáwọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ó ní, "Fóòmù tí mo fi ń sùn ló bá mi gbé, Bọ̀dá. Orí ló fi gbé e." Mélòó nínú àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì yẹn ló ti ru fóòmù ayálégbé rí? Mo kàn ń béèrè ni.

Mo wá dé orí tiwa báyìí. Ní kílóòsì tí mò ń gbé, ó ti tó ogún ọdún tí omi ẹ̀rọ ti dákẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn olùgbé pinnu láti gbẹ́ bohólù. Alága wa ni Bàbá Olúgbóyèga, ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọkùnrin tí kì í jáde láìde bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. Èmi náà wà nínú ìgbìmọ̀. Ẹ̀yìn Bílọ́ọ̀kù Kẹrin la gbẹ́ ẹ sí, nítorí ibẹ̀ nìkan ló ṣófo. Ìdí tó fi ṣófo ni pé páìpù ẹ̀gbin gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, àwọn tó kọ́ Festac sì mọ ìdí tí wọn ò fi kọ́ nǹkan kan síbẹ̀. A mọ̀ pé páìpù náà ti bẹ́. À ń gbọ́ òórùn rẹ̀ nígbà òjò. Ṣùgbọ́n pásítọ̀ wá gbàdúrà sí bohólù náà, a fi òróró yí ẹnu rẹ̀ ká, a lẹ mábù mọ́ ara táńkì, a kọ "Orísun Ògo" sí i, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Ìwé tí a kà pọ̀, kò wúlò fún wa lọ́jọ́ yẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá ni Àǹtí Yíwọlá wá wo omi wa. Ilé Ìkẹ́ ló kọ́kọ́ wọ̀. Ìkẹ́ ni ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní bánkì, tó ń gbé ìsàlẹ̀ Bílọ́ọ̀kù Kẹrin pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, Inúolúwa. Àǹtí da omi sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó wo ìsàlẹ̀ ife, ó bu omi sínú ìgò, ó lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó padà wá sí pálọ̀ Bàbá Olúgbóyèga. Mo wà níjókòó.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o," ó ní, lẹ́yìn tó kúnlẹ̀ kí wọn tán. "Ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú omi yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe test yẹn."

"Omi tí a gbàdúrà sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àdúrà ò burú. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà, ká sì tún páìpù ṣe. Bí òjò ńlá bá rọ̀, ẹ̀gbin á ya wọ ibẹ̀ pátápátá. Onígbáméjì ni mò ń bẹ̀rù, sà."

"Yíwọlá, mo mọ bàbá ẹ dáadáa. Ọ́fíìsì kan náà la jọ wà. Kò lè ṣe irú nǹkan báyìí sí wa."

"Bàbá mi mu omi tó dáa ní Festac, sà," ó ní. "Mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà mu ún."

Lọ́jọ́ kejì ó mú wáyà àti èdìdì òjé wá, ó dè é mọ́ ẹnu bohólù, ó sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì sára táńkì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń gba omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, tí wọ́n ń ti ọmọlanke wọn wọ kílóòsì láàárọ̀. Inú bí wa gidigidi. Ẹni tó jẹ́ kí páìpù wà ní bíbẹ́ fún ogún ọdún kọ́ ni inú wa bí sí. Ẹni tó wá sọ fún wa pé ó ti bẹ́ ni. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àǹtí sọ fún wa. Àwa la yí i padà, tí a ní ó ń dí wa lọ́wọ́ oúnjẹ.

A kọ ìwé ẹ̀sùn. Ẹ̀dà rẹ̀ wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. A ní ó ń fi ipò rẹ̀ halẹ̀ mọ́ àgbàlagbà. A ní ó ń ba orúkọ ilé wa jẹ́. Ẹ̀sùn kẹta ló ń tì mí lójú jù: "Òṣìṣẹ́ yìí máa ń da omi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa lọ́nà tí kò yé wa, a kò sì mọ irú ẹ̀mí tó ń bá ṣiṣẹ́." Èèyàn mọ́kànlá ló fọwọ́ sí i. Mẹ́rin nínú wọn gba oyè yunifásítì méjì méjì. Ẹni keje tó fọwọ́ sí i ni èmi, Ọbáfẹ́mi, tí ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yìí fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo ti bú gómìnà níbí, mo ti bú mínísítà, mo sì tún bu ọwọ́ lu ìwé pé obìnrin tó ń wo ìsàlẹ̀ ife ń bọ nǹkan. Mo mọ ohun tó ń ṣe o. Ó ti ṣe é nílé mi, ó sì ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Mi ò kàn fẹ́ kí àwọn ará kílóòsì máa wò mí lójú burúkú ni, nítorí omi.

Ìwé náà dé ọ́fíìsì ní Ọjọ́ Ajé. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ẹnì kan lókè ti gbé fóònù. Òṣìṣẹ́ méjì wá láti ọ́fíìsì kan náà tó ti bohólù pa, wọ́n gé èdìdì, wọ́n fi ọ̀dà funfun bo ìlà pupa, a sì pàtẹ́wọ́ fún wọn. Kò sí ìwé àṣẹ. Kò sẹ́ni tó tún omi yẹ̀ wò. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, wọ́n gbé Àǹtí Yíwọlá kúrò lẹ́nu wíwọlé, wọ́n ní kó lọ máa tọ́jú fáìlì nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ọ́fíìsì tí a dá sílẹ̀ nítorí ìlera wa ló lé ẹni kan ṣoṣo tó ń ṣe iṣẹ́ náà wọ kọ̀rọ̀.

Kò dákẹ́ níbẹ̀. Tolú rí ẹ̀dà lẹ́tà mẹ́rìnlá nínú àpótí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá rẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù ti tó ọdún mẹ́fà, nípa páìpù Festac lápapọ̀. Márùn-ún tó kẹ́yìn, inú yàrá fáìlì ló ti kọ wọ́n, orí bohólù wa ni gbogbo wọn dá lé. Òǹtẹ̀ ọ́fíìsì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan pé wọ́n ti gbà á. Èyí tó kọ ní oṣù kẹrin ọdún yìí parí báyìí: "Ẹ jọ̀wọ́, kí òjò oṣù kẹfà tó dé, ẹ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa lọ ti bohólù ẹ̀yìn Bílọ́ọ̀kù Kẹrin. Kò di dandan kó jẹ́ èmi." Mo ti ka ìlà yẹn títí ojú fi ń ro mí. Obìnrin tí wọ́n ta nù, kò béèrè ipò rẹ̀. Ó ní kí wọ́n rán ẹlòmíràn.

Wọn ò rán ẹnikẹ́ni. Òjò oṣù kẹfà dé, ó rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Omi dúdú sun jáde láti inú ilẹ̀ lẹ́yìn Bílọ́ọ̀kù Kẹrin, nígbà tó yá ó fà padà, a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi wa. Ní ọjọ́ Àìkú, èèyàn mẹ́ta ò lè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́ Ajé fi máa mọ́, àwọn tó ń bì tí wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru ti di mọ́kàndínlógún. Ìgbà yìí ni ọ́fíìsì rántí Yíwọlá, nítorí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó mọ ilé tí arúgbó wà àti ilé tí ọmọ ọwọ́ wà. Ọ̀gá rẹ̀ pè é lórí fóònù ní aago méje àárọ̀. Kò kọ ìwé sí i. Kò fún un ní ìbọ̀wọ́. Epo ò sí nínú ọkọ̀ ọ́fíìsì, Ìsmáílà tó jẹ́ awakọ̀ wọn ló fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé e wá.

Mo wà lórí àtẹ̀gùn nígbà tó dé. Ojú tì mí, mo fẹ́ yà padà sínú ilé. Ó kí mi bí ẹni pé kò sí nǹkan kan láàárín wa.

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá. Ta ló ń bì níbí?"

Mo ní Inúolúwa ni, ọmọ Ìkẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. A jọ wọlé. Ojú ọmọ náà ti wọnú, ó fẹ́ sunkún, omi ò jáde lójú rẹ̀. Ìkẹ́ jókòó sílẹ̀, ó ń ké orúkọ Jésù.

"Má dá àdúrà dúró, Ìkẹ́, ṣùgbọ́n gbé omi kaná," ni Àǹtí wí. "Omi mẹ́ruwà o, kì í ṣe ti ẹ̀yìnkùlé. Kó hó dáadáa."

"Àǹtí, kò sí gloves lọ́wọ́ yín."

"Mo mọ̀. Gbé omi kaná."

Ó gbé ọmọ náà lé itan. Ó ní omi iyọ̀ àti ṣúgà tó ti pò wá nínú ìgò láti ilé, ó ń fi ṣíbí bù ú sí ọmọ náà lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀, fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Ọmọ náà bì sí i lára, ó tún bì, kò gbé e sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà wá sunkún tí omi yọ lójú rẹ̀, Àǹtí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "O káre, Inú. Máa ké lọ." Inúolúwa wà láàyè. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láàárọ̀ yìí, ó ń fa bàtà ìyá rẹ̀ nílẹ̀.

Kó tó jáde nílé náà, mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Àǹtí, nípa ìwé tí a kọ yẹn." Ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. Ó ní, "Ìwé wo, Bọ̀dá? Ẹ bá mi sá lọ sí òkè kẹta, kí ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má mu omi yẹn." Mo lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì mí ni, àbí kò kàn ráyè mi. Mi ò ní mọ̀ ọ́n mọ́ láéláé.

Ilé mẹ́rìnlélógún ló wọ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Gbogbo iyọ̀ àti ṣúgà tó dì sínú ọ̀rá ló pín tán, kò ṣẹ́ ọ̀kan kù fún ara rẹ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Ìsmáílà rí i tó fara ti ọkọ̀, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó ní kí wọ́n máa lọ sí ilé ìwòsàn. Àǹtí ní ó ku ilé mẹ́ta. Ó wọ ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Aago kan ọ̀sán ni wọ́n dé ilé ìwòsàn, kò sí bẹ́ẹ̀dì, omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára sì ti tán láti ọjọ́ tó ṣáájú. Wọ́n ní wọ́n ti ránṣẹ́ sí òmíràn. Wákàtí mẹ́rin ló fi jókòó lórí bẹ́ńṣì yẹn, Ìsmáílà ń fi ìdérí ike bu omi sí i lẹ́nu. Àwọn nọ́ọ̀sì méjì ló wà fún ọgọ́rin èèyàn, mi ò ní í bú wọn. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá nìkan fi síbi iṣẹ́ bíi tiwọn ni mò ń sin yìí.

Yorùbá ní ọjọ́ a bá kú làá dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ọ́fíìsì yìí ò tiẹ̀ fẹ́ kí òkú dère. Láti Ọjọ́rú títí di òní, ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọ̀gá ò yà sí ilé Àǹtí ní Alákijà. Ìsmáílà nìkan ló ń lọ. Ẹni tí wọ́n rán wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kò jókòó. Ìwé "àìsàn ráńpẹ́" ló mú wá, pẹ̀lú bírò.

Lánàá, èmi àti Tolú lọ sí ọ́fíìsì náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Tolú, ṣùgbọ́n àárẹ̀ ojú rẹ̀ ju tèmi lọ. Ọ̀gá tó gbà wá lálejò kí wa dáadáa, ó ní ká jókòó, ó ní kí Ọlọ́run tu Tolú nínú.

"Ohun tó wà nínú fáìlì wa ni pé yàrá fáìlì ni màmá wà," ó ní. "Kò sí ìwé tó pè wọ́n padà sẹ́nu field. Ohun tí wọ́n lọ ṣe ní Festac, àwọn ló mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀yin lẹ pè wọ́n, sà," Tolú ní. "Nọ́ńbà yín wà lórí fóònù wọn. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin."

"Fóònù kì í ṣe ìwé, ọmọ mi."

"Ṣé ìwé lẹ fi ṣí bohólù yẹn, sà?"

Ọ̀gá náà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní ohun tó ti kọjá ti kọjá. Mo wá bi í pé, kí ló dé tí ọ́fíìsì ìmọ́tótó fi ní láti kọ̀wé kí wọ́n tó gbé òkú fún ọmọ olókùú? Ó ní òfin ni, nítorí irú àrùn tó pa màmá. Mo ní irú àrùn wo? Ó ti ìwé náà sún mọ́ Tolú. Ẹ ṣáà rò ó wò. Nítorí pé onígbáméjì ló pa á, wọ́n di òkú rẹ̀ mú. Kí wọ́n tó lè tú u sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé kì í ṣe onígbáméjì ló pa á.

"Sign ẹ̀, ọmọ mi," ọ̀gá náà wí. "Jẹ́ kí màmá sinmi."

Tolú wo bírò náà pẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé ó máa gbà á, bí ó bá sì gbà á, ta ni yóò bá a wí? Ìyá rẹ̀ ni, inú yìnyín ló wà. Ó dá bírò padà sórí tábìlì. Ó ní, "Bí mo bá fọwọ́ sí èyí, sà, omi yẹn ò ṣe nǹkan kan nìyẹn. Wọ́n á tún máa mu ún." A jáde. Nínú ọkọ̀ ló ti sunkún.

Òótọ́ ló sọ. Bohólù náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì ti tún tò síbẹ̀ láàárọ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó tì í, nítorí ẹni tó bá tì í ti gbà pé omi ló pa èèyàn, ẹni tó bá sì gbà bẹ́ẹ̀ yóò sọ ẹni tó ní kí wọ́n ṣí i. Ìdí tí wọ́n fi nílò ìbuwọ́lù ọmọ olókùú nìyẹn. Kì í ṣe òkú ni wọ́n fẹ́ sin. Orúkọ ẹnì kan ni wọ́n fẹ́ bò mọ́lẹ̀.

Mo kúrò lọ́dọ̀ Tolú, mo lọ bá Bàbá Olúgbóyèga. Àwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn ni, ara wọn ti joro. Bọ́tìnnì ọrùn wọn wà ní ṣíṣí, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ ohun tí ọ́fíìsì wí fún wọn.

"A ò mọ̀ pé ó máa dà báyìí, Ọbáfẹ́mi."

"A mọ̀, sà. Àǹtí sọ fún wa nínú pálọ̀ yìí."

Wọ́n ní, "Èmi ni mo pe ẹni tó gbé fóònù. Ọ̀rẹ́ mi ni. Mo ní kó bá wa dá sí i."

"Ẹ máa dárúkọ rẹ̀, sà?"

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí," wọ́n ní. "Kí ni mo tún ń fi orúkọ ọ̀rẹ́ pamọ́ ṣe?"

Nítorí náà, ní Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá àárọ̀, a ó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì náà. Mẹ́jọ nínú àwa mọ́kànlá tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn yẹn ti ní àwọn yóò wá, láti sọ níwájú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé irọ́ la pa mọ́ òkú. Ìkẹ́ ń bọ̀. A ò ní bá ẹnikẹ́ni jà, agbára rẹ̀ ò sí lára wa. Ohun tí a fẹ́ ni kí wọ́n kọ onígbáméjì sínú ìwé ikú Yíwọlá Ọlákìtán, kí wọ́n kọ ọ́ pé ẹnu iṣẹ́ ló kú sí, kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ láìgba ìbuwọ́lù kankan, kí wọ́n sì ti bohólù náà pa lójú wa. Àwa náà yóò dáhùn fún tiwa. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé mi lọ sí kóòtù nítorí ìwé tí mo fọwọ́ sí, wọ́n mọ ilé mi.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé fóònù lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Ó ku ọjọ́ méjì. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé arúgbó tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ ni yóò dárúkọ yín. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn wá, kí ẹ wo ojú Tolú, kí ẹ sọ fún un ohun tó pa ìyá rẹ̀.